Bí Kaothar Ṣe Ń Fò

Ọjọ́ tí Nasir kọ́kọ́ rí Kaothar, inú afẹ́fẹ́ ló wà. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ga kọjá àwọ̀n, ó sì gbá bọ́ọ̀lù náà mọ́lẹ̀ débi pé àwọn tó wà ní òdì kejì kàn dúró, wọ́n ń wò ó. Nasir gbàgbé ohun tó bá wá sí pápá.

Ọmọ Ìlọrin ni Nasir, kọ́pà tó ń sìnrú ìlú ni, yunifásítì kan ní Rumuolumeni, ní Port Harcourt, ni wọ́n gbé e sí. Ìmọ̀ eré ìdárayá ló kà, wọ́n sì fi í sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ fọlibọ́ọ̀lù yunifásítì náà, níbi tí Kaothar ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀gá rẹ̀ kan ló yá a ní àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí àwọn tó ń gbá fọlibọ́ọ̀lù ń so mọ́ ìbàdí. Bí ẹni tó so ó bá ti fò, ẹ̀rọ náà á kà á, á sì wọn bó ṣe ga tó, Nasir á rí i lórí fóònù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń fò ju bí ara rẹ̀ ṣe lè gbà lọ, orúnkún ló máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Borokiri, létí omi Port Harcourt, ni wọ́n bí Kaothar sí. Alhaji Bashiru, bàbá rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, okùn àti àwọ̀n ló ń tà fún àwọn apẹja. Yorùbá Kaothar kún fún pidgin, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Nasir ń fi bí wọ́n ṣe ń so ẹ̀rọ náà hàn án, Kaothar béèrè bóyá ó máa ń ka ìwà èèyàn náà. Nasir ní kì í kà á, òun á fojú ara òun kà á. Kaothar rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, bí ìdánrawò bá ti parí, wọ́n á jọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, wọ́n á máa jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹja. Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Nígbà tí Nasir là á mọ́lẹ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, Kaothar kò ṣe bí ẹni tí ojú ń tì. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, òun kàn ń dúró kó sọ ọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ Alhaji nínú. Ó ní kọ́pà dà bí ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀ torí epo. Bó bá ti kún, á lọ. Asiata, ìyá Kaothar, ní kí ọmọ òun ṣáà ṣọ́ra.

Ìdíje àwọn yunifásítì wá kù dẹ̀dẹ̀, ìròyìn sì kàn pé ẹgbẹ́ fọlibọ́ọ̀lù kan láti Abuja ń bọ̀ wá yan àwọn tí wọ́n máa gbà síṣẹ́. Kaothar kò sọ fún ẹnikẹ́ni tó fi ń lọ bá ẹgbẹ́ mìíràn gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò Elekahia ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìdánrawò tiwọn, kí wọ́n lè yan òun. Orúnkún òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó mọ̀ pé fífò òun ti ń wálẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì tú òun fó. Ló bá pààrọ̀ tirẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ti Bilkis, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Nasir wo pápá, ó wo fóònù. Kaothar fò lójú rẹ̀, nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Kaothar kò yí. Ti Bilkis ló yí. Ó tún wò ó bó ṣe balẹ̀, ó rí i pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń fi balẹ̀. Ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kaothar, ẹ̀rọ ta lo so?"

Kò purọ́. Ó sọ ti Elekahia, ó sọ ti orúnkún, ó sì bẹ̀ ẹ́. "Abeg, má sọ fún Coach. Ìdíje kan ṣoṣo yìí ni, lẹ́yìn náà màá sinmi."

"Ó lè má ku ẹsẹ̀ tó o máa fi sinmi."

"Tó o bá sọ ọ́, èmi pẹ̀lú ẹ ti parí nìyẹn."

Nasir mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó dùn ún dé ọkàn. "Màá sọ ọ́," ó ní. "Ó tẹ́ mi lọ́rùn kó o máa bínú sí mi lórí ẹsẹ̀ méjì tó dá ṣáká."

Coach Boma, olùkọ́ ẹgbẹ́ náà, yọ Kaothar kúrò nínú ìdíje. Orí bẹ́ńṣì ló jókòó sí nígbà tí àwọn ará Abuja wá, tí wọ́n yan ẹlòmíràn, tí wọ́n sì lọ. Dókítà ní iṣan orúnkún náà ti wú, díẹ̀ ló kù kó já. Síbẹ̀, Kaothar kò gbé ìpè Nasir mọ́.

Alhaji Bashiru gbọ́, ó ránṣẹ́ pe Nasir. Nasir rò pé èébú ló ń lọ gbà. Alhaji kàn béèrè ìdí tó fi sọ ọ́, nígbà tí Nasir fúnra rẹ̀ mọ̀ pé òun á pàdánù Kaothar.

"Ẹ má bínú, sà," Nasir dáhùn. "Bí mo bá dákẹ́ kí n má baà pàdánù rẹ̀, ara mi ni mo fẹ́ràn nìyẹn, kì í ṣe òun."

Alhaji ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún àlejò. Kaothar, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti yàrá, ló gbé e wá fúnra rẹ̀, ó ń tiro.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o."

"Mo mọ̀."

"Ṣùgbọ́n máa bọ̀ lọ́la. Dókítà ní kí n máa rìn díẹ̀díẹ̀, mi ò sì fẹ́ dá rìn."

Wọ́n jọ rìn létí omi Borokiri títí ìbínú fi tán. Nígbà tí orúnkún san, Nasir ló ń sọ ìgbà tó lè fò àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ jókòó, Kaothar á kùn, á sì gbọ́. Nasir parí iṣẹ́ ìsìnrú ìlú, kò padà sí Ìlọrin. Coach Boma bá a wá iṣẹ́ sí Port Harcourt níbẹ̀.

Ní ọdún kejì, àwọn ará Abuja tún wá. Kaothar fò bí ẹni tí ilẹ̀ kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì yàn án. Òógùn kò tíì gbẹ lára rẹ̀ tó fi tọ Nasir lọ.

"Sọ fún àwọn òbí ẹ kí wọ́n máa bọ̀ ní Borokiri. Bàbá mi ti ń béèrè ohun tó dá wọn dúró."

Nasir di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Wọ́n so yìgì wọn kí àwọn méjèèjì tó jọ kó lọ sí Abuja. Àáfà kò tíì béèrè tán bóyá ó gbà tí Kaothar ti dáhùn pé òun gbà. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Nasir nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Omijé ayọ̀ ló ń nù.