Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Awóníyì Kò Sọ

Àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún Ànúolúwapọ̀ nígbà tó jókòó pọ̀ ju bí Fikáyọ̀ ṣe rò lọ. Ọjọ́ Ọ̀dọ́ ni lọ́jọ́ náà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìrẹ́mọ. Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ń jiyàn lé lórí ni èwo nínú àwọn ìwé Ìhìn Rere ni wọ́n kọ́kọ́ kọ. Ànú ní ti Máàkù ni. Fikáyọ̀ ní láti fi hàn pé ti Mátíù ni. Ẹni tó bá borí ni yóò lọ ṣojú ìjọ níbi ìdíje àríyànjiyàn ní Òṣogbo.

Ànú kò pariwo rárá. Ó kàn sọ pé ìtàn tó wà nínú ìwé Máàkù tí kò sí nínú ti Mátíù kò tó nǹkan; èyí tó pọ̀ jù ló wà nínú ìwé méjèèjì, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà gan-an.

"Bí akẹ́kọ̀ọ́ méjì bá kọ àròkọ tó jọra báyìí," ó ní, "tíṣà yóò béèrè ẹni tó wo ti ẹnì kejì. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ìwé Máàkù wà níwájú Mátíù àti Lúùkù nígbà tí wọ́n ń kọ tiwọn. Àwọn kan tún ní wọ́n ní àkójọ ọ̀rọ̀ Jésù mìíràn lọ́wọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí títí dòní."

Fikáyọ̀ náà kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ó ti kà á pé àwọn baba ìjọ ìgbàanì gbà pé Mátíù ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ ọ́, kò sẹ́ni tó mira. Ìyá kan tilẹ̀ yán. Bàbá Fikáyọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo, tó ń kọ́ àwọn àgbà ìjọ ní ẹ̀kọ́ Bíbélì, jókòó síwájú, ó ń fọwọ́ ra irùngbọ̀n. Ẹ̀rù ba ọmọ náà gidigidi. Ọmọ olùkọ́ Bíbélì, kí ó wá fìdí rẹmi lójú gbogbo ayé? Ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ti sáré ṣáájú ọkàn rẹ̀.

"Ẹ̀yin àgbà," ó ní, "Bàbá Awóníyì, tí wọ́n jẹ́ kátíkíìsì àkọ́kọ́ ní ìjọ yìí, máa ń sọ pé, 'Mátíù ló tanná, ara tirẹ̀ ni àwọn yòókù ti wá tan tiwọn.'"

Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Bàbá Awóníyì ti kú kí wọ́n tó bí i. Fọ́tò baba náà tó wà lára ògiri ni ojú rẹ̀ bá pàdé tí ọ̀rọ̀ náà fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá àgbà tó ti sùn nínú Olúwa jiyàn ní Ìrẹ́mọ? Gbogbo ilé hó yèè. Bàbá Fáníyì, alàgbà tó ń ṣe adájọ́, dìde pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ fún Fikáyọ̀. Ẹnì kan ní kí Ànú yé ka ìwé àwọn aláìgbàgbọ́, àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ànú dojú bolẹ̀, kò sì dúró de ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n jọ lọ sílé bí ìṣe wọn.

Fikáyọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò kú síbẹ̀. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a bá fi sẹ́nu òkú kì í kú bọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìyá kan fi ṣe àdúrà. Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Fáníyì kó àwọn ọ̀dọ́ jọ.

"Etí mi méjèèjì yìí ni mo fi gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá Awóníyì," ni alàgbà náà wí. "Abẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n jókòó sí. Wọ́n ń bó ọsàn lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

Jìnnìjìnnì bo Fikáyọ̀. Òun tó pa irọ́ náà kò fi igi ọsàn kankan sí i! Láti ọjọ́ náà, inú fu, àyà fu. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ lójijì, yóò ta gìrì.

Ọ̀ràn náà wá burú sí i. Ìjọ fẹ́ ṣe ìrántí Bàbá Awóníyì, Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo ni yóò sì wàásù. Orí ọ̀rọ̀ Mátíù tó tanná yìí gan-an ló fẹ́ gbé ìwàásù rẹ̀ kà. Ó mú Fikáyọ̀ dání lọ sí Ìlódè, kí wọ́n lọ sọ fún Màmá Ìlódè, ọmọ kan ṣoṣo tó kù láyé nínú àwọn ọmọ Bàbá Awóníyì.

Ìyá arúgbó náà fetí sílẹ̀ títí Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo fi sọ̀rọ̀ tán. Kò rẹ́rìn-ín. Ńṣe ni omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Wọn ò sọ ọ́ fún mi," ó ní. "Èmi ni mo ń ka Bíbélì sí wọn létí nígbà tí ojú wọn ò ríran mọ́. Ọ̀rọ̀ tó dùn báyìí, wọ́n sọ ọ́ fún ará ìta, wọ́n fi pa mọ́ fún èmi ọmọ wọn. Kí ni mo fi ṣẹ̀ wọ́n?"

Fikáyọ̀ wo ojú bàbá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ìtìjú dé bá bàbá rẹ̀, Òṣogbo sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ìyá yìí yóò gbé ìbànújẹ́ tí kò tọ́ sí i lọ sí sàréè. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún yín. Wọn ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo dá a sọ."

"Kí lo wí?" Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo fò dìde. "Bàbá Fáníyì tó fetí ara wọn gbọ́ ọ ńkọ́?"

"Wọn ò lè gbọ́ ọ, Dádì. Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn."

Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo rọra padà jókòó. Ìyá arúgbó náà fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀.

"Mo bi bàbá mi léèrè rí," ó ní. "Mo ní, ìwé wo ni wọ́n kọ́kọ́ kọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Wọ́n ní, 'Ọmọ mi, n ò mọ̀. N ò sí níbẹ̀.' Òun lohun tí bàbá mi sọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wọn wàásù, ẹ fi ìyẹn wàásù."

Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo ṣe. Ṣùgbọ́n kó tó gun orí àga ìwàásù, Fikáyọ̀ ló kọ́kọ́ dìde tó jẹ́wọ́. Àwọn kan pòṣé. Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Ànú, Ànú ni wọ́n sì yàn láti lọ sí Òṣogbo. Ó ṣe díẹ̀ kó tó tún bá Fikáyọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ó ní, "Wá bá mi ka ẹ̀rí ti Mátíù dáadáa. Ẹni tí mo máa bá jiyàn lọ́hùn-ún yóò mọ̀ ọ́n."

Fikáyọ̀ kọ́gbọ́n, ó sì dùn ún kó tó kọ́ ọ. Ẹni tí kò bá mọ nǹkan, kó ní òun kò mọ̀ ọ́n; kò yẹ kó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sẹ́nu ẹni tí kò lè dáhùn mọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo etí tí irọ́ ti wọ̀ ni òtítọ́ ń rí wọ̀. Títí dòní, bí àlejò bá dé sí ṣọ́ọ̀ṣì náà, Bàbá Fáníyì yóò nawọ́ sí fọ́tò ara ògiri, yóò ní, "Etí mi yìí ni mo fi gbọ́ ọ, lábẹ́ igi ọsàn." Fikáyọ̀ yóò sì tún lọ kúnlẹ̀ níwájú àlejò náà, yóò ní, "Ẹ má bínú, sà. Irọ́ tèmi ni."