Làálì Ọwọ́ Obìnrin Inú Fọ́tò

Àgádágodo ńlá kan ni Ròdíyátù bá lẹ́nu ilẹ̀kùn Dókítà Ọláoyè ní Tokoin Wuiti nílùú Lomé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn. Wọ́n ti tú pátákó kúrò lókè ilẹ̀kùn, ihò ìṣó mẹ́rin ló kù lára ògiri. Ó yọjú lójú fèrèsé. Kò sí ibùsùn ìtọ́jú mọ́, kò sí dígí, kò sí àga mẹ́jọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó sí. Páálí kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀, ológbò sì ti bímọ sínú rẹ̀.

Ó yíjú sí obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó fi èdè Mina bi í léèrè ibi tí dókítà lọ.

"Dókítà wo? Ẹni tó kó ẹrù jáde lọ́jọ́ Jímọ̀?" Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ lo ṣìkẹfà tó ń bèèrè rẹ̀. Kí ló gbà lọ́wọ́ rẹ?"

Ròdíyátù kọjú sí àgádágodo náà padà. Yẹtí wúrà ìyá rẹ̀ tó tà kó tó rówó ẹ̀kọ́ san kọ́ ló gbé e jáde nílé. Ojú àbúrò rẹ̀ ni.

Oníláálì ni Ròdíyátù. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, Sùlìámọ́nù, ti wá ta aṣọ ní Lomé, àdúgbò Nyékonakpoè níbẹ̀ ni wọ́n bí Ròdíyátù àti Ìdùnnú àbúrò rẹ̀ sí. Ọ̀dọ̀ ìyá wọn ló ti kọ́ iṣẹ́, bí ìyàwó bá sì fẹ́ relé ọkọ láàárín àwọn Mùsùlùmí àdúgbò, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Kí ìyá náà tó kú, ó fi àmì kan lé e lọ́wọ́: kó tó lé làálì sí èékánná ìka ọmọńdinrín ọwọ́ òsì, á kán ìda àbẹ́là bíńtín sí àárín rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí làálì, gbogbo èékánná á pupa, àmì funfun róbótó kan á sì kù láàárín. Ẹni tó bá rí i á mọ ọwọ́ tó ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n làálì nìkan ò lè bọ́ ènìyàn méjì mọ́. Ìyàwó òde òní ń fẹ́ ojú dídán ju ọwọ́ pupa lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Ròdíyátù ṣe gbọ́ nípa iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́: ẹ̀rọ kan bíi bírò, tó ní abẹ́rẹ́ méjìlá lórí, tó ń gún awọ ojú fẹ́ẹ́rẹ́ kí awọ lè tún ara rẹ̀ ṣe, kí àpá ìrorẹ́ sì parẹ́. Iṣẹ́ gidi ni, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá ṣe é.

Ọláoyè tó ń kọ́ni níṣẹ́ náà, gíláàsì olójú wúrà ló ń lò, aṣọ funfun kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó ní Paris lòun ti kàwé. Fọ́tò ńlá kan wà lára ògiri kíláàsì, apá méjì ni: obìnrin kan náà, wọ́n fi ọ̀já dúdú bo ẹyinjú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, ó fi ọwọ́ òsì ti àgbọ̀n. Ní apá kìíní, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí pálapàla, wọ́n sì kọ AVANT sábẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni pé bó ṣe rí ṣáájú ìtọ́jú. Ní apá kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dán, wọ́n kọ APRÈS síbẹ̀, bó ṣe rí lẹ́yìn ìtọ́jú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Ròdíyátù fi jókòó kọjú sí fọ́tò yìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ dídán yẹn ló ń wò, kò wo nǹkan míì.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ọkùnrin náà mọ̀ ọ́n wí. Orí abẹ́rẹ́ kan, ojú kan. Ẹ ṣí ọ̀rá rẹ̀ níṣojú oníbàárà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ má fọwọ́ kan ojú tí ìrorẹ́ tuntun wà. Ó ń pè é, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Lọ́jọ́ ìdánwò, kálukú mú ẹni tí yóò tọ́jú wá. Ròdíyátù mú Ìdùnnú, ọmọ ọdún méjìlélógún, tí àpá ìrorẹ́ ti ń dà láàmú láti ìgbà tó ti ń di ọmọge. Ó tilẹ̀ ti lé làálì sí i lọ́wọ́ kí ọwọ́ náà lè dára bí wọ́n bá ya fọ́tò. Ìdùnnú dùbúlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọláoyè na orí abẹ́rẹ́ kan sí Ròdíyátù. Kò wọ ìbọ̀wọ́, Ròdíyátù tí wíwo ọwọ́ ènìyàn ti mọ́ lára sì rí i pé èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ là sí méjì láti ìdí. Ó tún rí i pé ẹnu ọ̀rá abẹ́rẹ́ náà ti là.

"Dókítà, ó ti ṣí."

"Èmi ni mo ṣí i dè ọ́. Àbí o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ojú ti Ròdíyátù. Ó gba abẹ́rẹ́ náà, ó fi sẹ́nu ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ojú Ìdùnnú wú bí àkàrà inú epo. Ọyún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ilé ìwòsàn gba ẹ̀mí rẹ̀ là, àmọ́ àpá tó kù burú ju ti ìrorẹ́ lọ: ó le, ó yọ kókó kókó láti etí dé àgbọ̀n. Dókítà tòótọ́ tó wà níbẹ̀ sọ fún wọn pé kò ní lọ. Ìdùnnú, tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù fóònù, kò jáde mọ́. Ó yí dígí kọjú sí ògiri. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Ọwọ́ yín ni, àǹtí mi."

Ohun kan náà ni Ọláoyè wí nígbà tí Ròdíyátù pè é, kó tó pa fóònù rẹ̀: "Ọwọ́ rẹ ló wúwo."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Ròdíyátù gbé dé ìdí àgádágodo. Ó fẹ́ kí ọkùnrin náà tún un wí lójú òun. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọwọ́ òun ni lóòótọ́, torí bó bá jẹ́ ọwọ́ òun ni, kí ló kù tí òun á tún máa fi ọwọ́ náà ṣe láyé?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Àwọn oníbàárà làálì gbọ́, wọ́n sá. Ẹnìkan tilẹ̀ fa ọwọ́ yọ nígbà tí làálì ṣì tútù lórí rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Viviane, tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́, fi ìkéde kan ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Dókítà Adéwálé, àdúgbò Agbalépédogan, ẹ wá kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́. Orúkọ jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n fọ́tò àtijọ́ yẹn náà ni.

Ròdíyátù ò fẹ́ rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn mọ́ láé. Ó gbé ojú kúrò níbẹ̀, ojú rẹ̀ bá bọ́ sórí ọwọ́.

Ó fi ìka fẹ fọ́tò náà. Ìka ọmọńdinrín ọwọ́ òsì. Àmì funfun róbótó. Iṣẹ́ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni, ó sì wà níwájú rẹ̀ lára ògiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò rí i.

Ó wá fi apá méjèèjì wé ara wọn. Lápá APRÈS, níbi tí ojú ti ń dán, àmì funfun náà wà ní àárín èékánná gan-an, bó ṣe máa ń wà bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé e. Lápá AVANT, níbi tí ojú ti bàjẹ́, àmì náà ti sún dé etí, ìdí èékánná kò sì ní làálì mọ́. Èékánná ń hù síwájú ni, kì í padà sẹ́yìn. Ojú dídán ló ṣáájú, ojú tó bàjẹ́ ló kẹ́yìn. Ohun tí ọkùnrin náà bà jẹ́ ló fi ń polówó ara rẹ̀, ó kàn pààrọ̀ ọ̀rọ̀ abẹ́ wọn ni.

Ó rántí ọwọ́ náà: ìka gígùn, àpá iná kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀. Àbídèmí ni, ọmọ Pọ́bẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó fẹ́ Àkànjí oníṣòwò irin. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ròdíyátù lé làálì fún un, nígbà ìgbéyàwó rẹ̀. Òpópónà kejì sí tiwọn ló ń gbé. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú, àwọn ará àdúgbò sì ń yìn ín pé ẹ̀sìn ti wọ̀ ọ́ lára.

Ròdíyátù lọ bá a nílé, ó fi fóònù hàn án. Àbídèmí wò ó títí, ó wá ká ìbòjú sókè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ AVANT ló wà níbẹ̀.

"Èwo ló kọ́kọ́ yà?" Ròdíyátù bèèrè.

"Èyí tó dán. Àmì dúdú méjì péré ni mo gbé lọ bá a. Ó ní ọ̀fẹ́ ni, òun ń wá ẹni tí òun máa fi ṣe àpẹẹrẹ."

"Èkejì ńkọ́?"

"Oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn náà ni, nígbà tí mo padà lọ sunkún fún un. Ó ní kí n jẹ́ kí òun yà á, kí òun fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá òun ní Paris, wọ́n á fi oògùn ránṣẹ́." Àbídèmí da ìbòjú bojú padà. "Mo ṣì ń retí oògùn, àǹtí oníláálì."

Àwọn méjèèjì lọ sí kọmisáríà, ìyẹn àgọ́ ọlọ́pàá. Emmanuel ni ọlọ́pàá tó gbà wọ́n ń jẹ́. Ará Kétu ni ìyá rẹ̀, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Kò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà sí, ó ní èékánná kì í ṣe ẹ̀rí.

"Ẹ kun èékánná yín lónìí," Ròdíyátù ní, "kí ẹ padà wò ó lóṣù tó ń bọ̀."

Emmanuel wo èékánná ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì na ọwọ́ mú fìlà.

Ròdíyátù àti àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé tó wà ní Agbalépédogan lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ti tẹ́ ìyá rẹ̀ sórí ibùsùn. Ọláoyè rí fìlà ọlọ́pàá lójú fèrèsé, ó gba ẹ̀yìnkùlé fò, ó bọ́ sẹ́yìn ọlọ́kadà tó ń kọjá, bàtà ẹsẹ̀ kan ló fi sílẹ̀ fún wọn. Nínú yàrá ẹ̀yìn, wọ́n bá abọ́ omi ọṣẹ kan tí orí abẹ́rẹ́ àlòkù kún inú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rá tuntun wà, pẹ̀lú irin gbígbóná tó fi ń lẹ ẹnu wọn pọ̀.

"Ibodè Gánà ló máa gbà," Emmanuel ní. "Ẹ bọ́ sínú mọ́tò."

Ibodè ò jìnnà sáàárín ìlú Lomé. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, èrò tò lọ bẹẹrẹ. Ròdíyátù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí wọ́n ti ń yẹ ìwé wò. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ojú ṣeé pa dà. Ọwọ́ nìkan ló ń wò bí wọ́n ṣe ń na káàdì. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ kọjá títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó sì ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọkùnrin náà ti lọ. Oníṣòwò kan wá dé pẹ̀lú fìlà àti búbà, orí rẹ̀ fífá, kò sí gíláàsì lójú rẹ̀. Orúkọ míì ló wà lórí káàdì rẹ̀. Ọlọ́pàá ibodè ti ń dá a padà fún un. Èékánná àtàǹpàkò tó fi gbà á là sí méjì láti ìdí.

"Òun nìyẹn," Ròdíyátù ní.

"Mi ò mọ obìnrin yìí rí," ọkùnrin náà ní, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta tí Emmanuel fi gbá a lọ́rùn aṣọ mú. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Wọ́n jókòó tì í ní kọmisáríà. Emmanuel ń bèèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lo ń ṣe tẹ́lẹ̀?"

"Mo ń ta ìpara lọ́jà, ọ̀gá."

"Paris ńkọ́?"

"Mi ò débẹ̀ rí."

"Ojú mélòó lo ń fi orí abẹ́rẹ́ kan gún?"

"Títí ẹnu rẹ̀ á fi kú."

"Èyí tó o fún obìnrin yìí lọ́jọ́ ìdánwò?"

"Ó ti tó ojú mẹ́rin ṣáájú. Mi ò rántí dáadáa."

Obìnrin mọ́kànlá tó ti ba ojú wọn jẹ́, tí àwọn ọlọ́pàá ránṣẹ́ pè, ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ. Ọ̀kan bú sẹ́kún, òmíràn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àbídèmí ká ìbòjú sókè láàárín wọn, ó mí kanlẹ̀. Ara tù wọ́n, kì í ṣe pé nǹkan kan padà sí ipò rẹ̀. Ròdíyátù náà mí. Abẹ́rẹ́ ni. Kì í ṣe ọwọ́ òun.

Ọláoyè wá gbé ojú sókè. "Ṣùgbọ́n ọ̀gá, èmi kọ́ ni mo di ẹ̀rọ mú. Ẹ bi í. Ó rí i pé ẹnu ọ̀rá yẹn ti là."

Emmanuel yíjú. "Àǹtí, ṣé òótọ́ ni?"

Ó lè sọ pé irọ́ ni. Ta ló máa gba olè gbọ́ ju òun lọ? Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí tábìlì.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Mo rí i. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, ojú tì mí láti gbé e sílẹ̀."

Emmanuel kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ìdùnnú wà lórí ẹní lẹ́yìn aṣọ ìkélé nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ délé. Ròdíyátù ní wọ́n ti mú Ọláoyè, ó sì ti jẹ́wọ́.

"Ṣé ó ní ojú mi á padà?"

"Rárá."

Ìdùnnú mi orí. Ròdíyátù jókòó tì í, ó sọ èyí tó kù: pé ọ̀rá náà ti là, pé òun rí i, pé òun lò ó bẹ́ẹ̀.

"Mo mọ̀," Ìdùnnú ní. "Mo dùbúlẹ̀, ojú yín ni mo ń wò. Ẹ rí i, ẹ dúró díẹ̀. Mo rò pé ẹ máa gbé e sílẹ̀."

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ròdíyátù ì bá fẹ́ kó bínú.

Nígbà tó yá, Ìdùnnú fa ìgékánná yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Láti oṣù méjì àbọ̀ ni kò ti gé èékánná. Àmì funfun ìyá wọn ti dé etí ìka ọmọńdinrín. Ó gé e, ó bọ́ sórí ẹní, kò tó hóró ìrẹsì. Ó gé ìyókù ọwọ́ òsì. Nígbà tó kan ọ̀tún, ọwọ́ òsì rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó na ìgékánná sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀.

Ròdíyátù gbà á. Ó di ọwọ́ ọ̀tún náà mú. Ó gbé ìgékánná sí ìka kìíní, ó sì dúró.

"Ṣé kí n gé e?"

"Ẹ gé e."

Ó gé e. Ó bọ́ sí ìka kejì, ó tún dúró, ó tún bèèrè. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ìka márààrún.