Àwọn Fìlà Orí Pẹpẹ Ìwé

Ọdún kẹta tí ogun parí, tí àwọn oníṣòwò tún ń ru ẹrù kọjá lójú ọ̀nà láìbẹ̀rù, ni alábẹ̀wò gun ẹṣin wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà. Fìlà gíga dúdú ló dé. Ó wá wò ó bóyá yàrá ìkàwé wọn kún ojú òṣùwọ̀n. Bí kò bá kún un, kẹ̀kẹ́ ẹrù mẹ́ta ti wà lẹ́nu ọ̀nà: gbogbo ìwé ń lọ sí òdìkejì odò nìyẹn.

Baba Oníwèé, tó fi àpótí gbé àwọn ìwé náà sá lójú ogun, kò lè jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ń nu pẹpẹ ṣáá.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, ẹ rọra o. Pákó ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù."

Alábẹ̀wò wọlé, ó sì dúró gbagidi. Fìlà funfun, fìlà aláró, fìlà tí eku ti jẹ létí, gbogbo wọn jókòó lórí pẹpẹ bí ìjọ tó ń retí ìwàásù.

"Bàbá, ìwé dà? Àbí ìsọ̀ onífìlà ni mo yà sí?"

Òógùn bo Baba. "Ọ̀gá wa, ẹni tó bá yá ìwé ní ń fi fìlà rẹ̀ dípò. Kò sí bébà tí a lè kọ orúkọ sí nígbà ogun, ó sì ti mọ́ wa lára."

"Igba ìwé ló yẹ kí n bá níbí. Ọgọ́ta ni mo kà." Ó ti yọ gègé.

Baba ké pe Olúwa nínú ọkàn rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ogóje fìlà ló wà nípò àwọn ìwé tó kù. Ẹ mú kan. Èyí tó bá wù yín."

Alábẹ̀wò mú èyí tí eku jẹ.

"Ti Ajíwàásù nìyẹn. Àlàyé ìwé Jóòbù ló yá. Ilé àwọn aláìsàn ló wà báyìí."

Wọ́n bá a níbẹ̀ lóòótọ́, kò dé fìlà, ó ń kàwé fún aláìsàn mẹ́fà. Bó ṣe fẹ́ dìde kí wọn, ìyá arúgbó kan pariwo lórí ẹní: "Ẹ má dá a dúró o! Orí egbò Jóòbù la ṣì wà!"

Fìlà kejì mú wọn dé ilé ìdáná, ìkẹta dé abẹ́ igi. Kò sí èyí tó tàsé. Olúwa ló ka irun orí ènìyàn. Fìlà ni Baba kà ní tirẹ̀.

Alábẹ̀wò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé yàrá náà kún ojú òṣùwọ̀n, àní ó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ó ní kí àwọn kẹ̀kẹ́ máa lọ lófìfo. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé orin kan yọ.

"Mo fẹ́ ka èyí lọ́nà."

Ìyàwó Baba tẹ́wọ́. "Fìlà dà, ọ̀gá wa?"

Bí alábẹ̀wò ṣe fi orí lásán gun ẹṣin lọ nínú oòrùn nìyẹn, tó ń kọrin.

Kò padà wá mọ́. Yàrá náà ti di ilé alájà mẹ́ta, káàdì ti rọ́pò fìlà, Baba sì ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Olúwa rẹ̀. Ṣùgbọ́n fìlà gíga dúdú kan ṣì wà lórí pẹpẹ. Ọmọ-ọmọ Baba ló ń nu eruku rẹ̀ báyìí. Bí alábẹ̀wò tuntun bá béèrè ẹni tó ni ín, ohun kan náà ló máa ń sọ:

"Ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀ o. Ó ṣì ń kàwé lọ́wọ́."