Abọ́ Tó Wọ Ilé Tí Kò Ní Fèrèsé

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ sí Ìbafò. Ẹsẹ̀ bàtà kan tí Mọ́láyọ̀ aránṣọ fi sílẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé kan níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó tó lọ mú un.

Ilé náà ga fíofío, ẹ̀yìn ilé ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Sùwéébátù ló wà. Kò ní fèrèsé kankan, àfi ilẹ̀kùn kékeré kan bíi ti ilé adìẹ. Mọ́láyọ̀ ní ibẹ̀ ni wọ́n ń kó iná mànàmáná wa pamọ́ sí. Àwọn ọlọ́kadà ní òkú ni wọ́n ń tò síbẹ̀.

Sùwéébátù ní, "Aládùúgbò ni aládùúgbò ń jẹ́. Wọ́n á jẹ ẹran Iléyá."

Gbogbo abọ́ ti tán nílé lọ́jọ́ náà. Ló bá bu ẹran sí abọ́ tánganran tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó gbé e sẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, ó kanlẹ̀kùn, ó yíjú. Ìgbà tó máa wẹ̀yìn, abọ́ ti wọlé. Kò gbọ́ kí ilẹ̀kùn dún.

Ìgbéyàwó Fàrídà, ọmọ ọmọ rẹ̀, wá kù sí dẹ̀dẹ̀.

"Màmá, abọ́ tí ẹ ní n ó gbé lọ sílé ọkọ ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀."

Mọ́láyọ̀ ní, "Màmá, ẹ ra òmíràn jàre."

"Ṣé abọ́ ìyá ọkọ mi ni wọ́n ń tà lọ́jà? Dìde, sìn mí lọ."

Ọ̀sán gangan ni. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo káàkiri. Bí wọ́n ṣe dé ìdí ilé náà, gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Oòrùn ń ta, ògiri tutù bí omi àmù.

"Ẹ kú ilé o. Abọ́ mi ni mo wá gbà."

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Òkùnkùn biribiri. Abọ́ rọra yọ jáde nílẹ̀. Kò sí ọwọ́ tó tì í. Wọn ò sì dá a padà lófìfo: èkuru gbígbóná ló wà nínú rẹ̀.

Sùwéébátù ní, "Wọ́n mà lẹ́kọ̀ọ́ ilé o."

Ohùn ìyá arúgbó kan dáhùn nínú lọ́hùn-ún: "Ẹran yẹn dùn, ìyàwó. Iyọ̀ ni kò dé ibẹ̀."

Mọ́láyọ̀ fẹsẹ̀ fẹ, bàtà kan ló bá a lọ. Sùwéébátù fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un láyé yìí, ojoojúmọ́ ayé. Ifọ̀ ni wọ́n sin ín sí kí wọ́n tó bí Fàrídà.

Fàrídà gbé abọ́ lọ sílé ọkọ ní Mọ́wè. Kò pẹ́, ó pe fóònù.

"Màmá, wọ́n ń kọ́ ilé gíga kan lẹ́yìn ilé wa. Wọn ò yọ fèrèsé sí i."

Sùwéébátù dá a lóhùn:

"Máa fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ dáadáa, ọmọ mi."