Ọ́ìlì Tó Pa Bíréèkì Lẹ́nu Mọ́

Ní ilé tí Àyàntúndé yá gbé ní Agric, n'Ìkòròdú, kì í ṣe àkùkọ ló ń jí èèyàn. Bíréèkì alùpùpù rẹ̀ ni. Bó bá ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu géètì, á han "kíìììn!" Ewúrẹ́ á fò, ọmọ ọwọ́ á figbe ta, ajá onílé á ki ìrù bọ itan.

"Bàbá Ṣìmí!" Mardiyah, ará yàrá kejì, á pariwo láti ojú fèrèsé. "Ṣé alùpùpù lẹ rà ni, àbí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pa?"

Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ojú á ti Àyàntúndé bí ẹni tí ṣòkòtò já lójú agbo.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun alùpùpù ni. Àlòkù ló rà lọ́wọ́ Adélàjà nítòsí Gáréèjì. Adélàjà sọ fún un pé kó kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Ṣùgbọ́n owó ọwọ́ rẹ̀ ò tó nǹkan, ó sì ti fi ìyẹn náà ra fèrè tó ń dún bíi ti ọkọ̀ àjàgbé, àti iná wẹ́wẹ́ tó ń ṣẹ́jú lábẹ́ ìjókòó. Ara alùpùpù ń dán bíi ti ìyàwó ọ̀ṣìngín. Inú rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ kan, ó jókòó ti Ìbíjọkẹ́, ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí gbogbo àdúgbò ń wá. Máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ ń han gooro. Ìbíjọkẹ́ mú ike ọ́ìlì kékeré, ó kán an sí i, tó, tó. Máṣíìnì dákẹ́ bí ọmọ tó rí ọmú.

Àyàntúndé fò dìde. "Ìyá Ṣìmí, fún mi ní ọ́ìlì yẹn!"

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ Mardiyah fẹ́ dákẹ́ lónìí."

Ìbíjọkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó na ike náà sí i. Àyàntúndé fún un wọ inú bíréèkì iwájú, ó fún un wọ tẹ̀yìn.

Nírọ̀lẹ́, ó wọlé láìhan. Mardiyah fúnra rẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Háà! Ẹ ti di mẹkáníìkì!" Alùpùpù sún díẹ̀ kọjá ibi tó fẹ́ kó dúró sí, ṣùgbọ́n ta ní ń wo ìyẹn nígbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un?

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé Ìbíjọkẹ́ sẹ́yìn, wọ́n ń gbé aṣọ oníbàárà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sétí ọ̀sà, ọmọlanke ẹja já sójú títì. Àyàntúndé tẹ bíréèkì. Kò gbọ́. Ó fa tọwọ́. Kò gbọ́. Ó tẹ fèrè. Fèrè dún gbàù, bíi ti ọkọ̀ àjàgbé. Ṣùgbọ́n fèrè kì í dá ọkọ̀ dúró.

Wọ́n rọ́ lu ọmọlanke náà, wọ́n ṣubú. Eékún Àyàntúndé bó. Ọwọ́ ọ̀tún Ìbíjọkẹ́ há sábẹ́ alùpùpù. Àwọn dókítà kò gé e, àmọ́ àwọn ìka rẹ̀ kò lè mú abẹ́rẹ́ mọ́.

Àyàntúndé fa Adélàjà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ọláṣẹ́gun mẹkáníìkì, níbi tí wọ́n gbé alùpùpù náà sí. "Ikú lo tà fún mi! Ẹ gbà mí, ẹ̀yin èèyàn!" Èrò pé jọ. Ẹnì kan ti fún ọrùn ẹ̀wù Adélàjà mọ́ ọn lọ́rùn.

"Ẹ fi í sílẹ̀ ná," ni Ọláṣẹ́gun wí. Ó tú ẹsẹ̀ alùpùpù, ó ki ìka bọ inú bíréèkì, ó gbé e sókè. Ìka ń dán. "Ta ló da ọ́ìlì síbí?"

"Èmi ni," ni Àyàntúndé dáhùn kíá. "Kó má baà máa pariwo..."

Ẹni tó di Adélàjà mú jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá," ni Ọláṣẹ́gun wí, "gbígbẹ ni bíréèkì fi ń di táyà mú. Ṣéènì là ń fún lọ́ìlì. Bíréèkì yìí ti jẹ tán, ìdí nìyẹn tó fi ń ké."

"Mi ò lówó àtitún un ṣe."

Ọláṣẹ́gun wo fèrè náà.

Nílé, Ìbíjọkẹ́ jókòó ti máṣíìnì rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún lórí itan bí ohun àgbàbọ́. "Ṣé wọ́n rí ohun tó fà á?"

Ojú Àyàntúndé bọ́ sórí ike ọ́ìlì kékeré náà. Ojú Ìbíjọkẹ́ tẹ̀ lé e.

"Ọwọ́ yìí náà," ó wí jẹ́ẹ́, "ni mo fi nà án sí yín."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra àlòkù, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kẹ́ ẹ tó gbé ènìyàn sẹ́yìn. Bówó ò bá tó, bíréèkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí táyà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ṣéènì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Fèrè ńlá àti iná aláràbarà lè dúró. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ́ìlì kan bíréèkì láé. Bó bá kàn án, ẹ má gùn ún títí wọ́n á fi tún un ṣe. Bó bá ń ké, ẹ bi mẹkáníìkì ohun tó ń ṣe é. Báwọn ará ilé bá sì ń fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. Ẹ̀rín ò ṣẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí.