Rédíétọ̀ Tí Kì Í Jò

Ṣé ẹ ti rí ohun tó ń mu omi láràárọ̀ rí, tí kì í jò, tí kì í tọ̀, tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì gbẹ bí eegun? Verna Stubbs rí i. Oṣù Keje ni, nígbà tí oòrùn Arizona ń yan òkúta bí ẹni yan ẹ̀pà. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì píkọ́ọ̀pù ọkọ rẹ̀ ni ohun náà wà.

Kíndìnrín Leland, ọkọ rẹ̀, ti kọṣẹ́. Ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni Verna ń wà á lọ síbi ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ọgọ́ta máìlì gbáko, láìsí ilé kan lójú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá kú síbẹ̀ lọ́sàn-án, oòrùn á pa ẹni tára rẹ̀ le, ká má tíì sọ ẹni tí kò lè tọ̀ mọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn ni rédíétọ̀ ọkọ̀ náà là, níbi tí ike ti pàdé irin. Leland fúnra rẹ̀ ló fi í síbẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí apá rẹ̀ ṣì ń gbé sípánà. Verna rọra wa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ruben Archuleta, mẹkáníìkì ẹ̀yìn ilé epo. Ruben ní ọ̀nà méjì ló wà. Ojúlówó wà, èyí tí àwọn tó ṣe ọkọ̀ fúnra wọn ṣe, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́sàn-án ni yóò gbà kó tó dé. Èyí tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ṣe tún wà, ó wà nílẹ̀, ọ̀la ni yóò ti wọnú ọkọ̀. Ọ̀túnla ni Leland gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ. Kí ló tún kù téèyàn á máa rò? Verna ní kó fi èyí tó wà nílẹ̀ sí i.

Ruben fi í sí i lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ máa tún fi mọ́, rédíétọ̀ tuntun ti gbẹ. Verna dùbúlẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa abẹ́ ọkọ̀ kiri. Kò sí ẹ̀kán kan. Ó da gálọ́ọ̀nù kúláǹtì kan sí i, omi aláwọ̀ ewé yẹn tó máa ń ta sánsán bíi súìtì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó tún gbẹ.

Bó ṣe wa ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ Ruben nìyẹn, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

"Ayédèrú lo fi sí mi lọ́kọ̀."

"Kì í ṣe ayédèrú, mà. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é. Ẹ̀yin náà lẹ mú un."

"Mo mú un nítorí o ò ní nǹkan gidi nílẹ̀. Ìyá tó bí ẹ ì bá tijú."

"Ìyá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí," ni Ruben wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó mú ẹ̀rọ kékeré kan tó jọ páǹpù kẹ̀kẹ́, ó dè é mọ́ ẹnu rédíétọ̀, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó dúró. Àwọn méjèèjì dúró tì í fún ogún ìṣẹ́jú. Abẹ́rẹ́ ò mira. Ruben ní kò síbi tó ń jò. Verna ní bí kò bá jò, ta ló wá ń mu ún? Ruben nu ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún pẹ́ jù, ó ní òun máa ránṣẹ́ sí ojúlówó.

Ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi ń retí rẹ̀, Verna ń da gálọ́ọ̀nù kan sí i láràárọ̀ kó tó tan ọkọ̀. Níbi ẹ̀rọ, nọ́ọ̀sì gbé Leland gorí òṣùwọ̀n, ó wò ó, ó tún un wò. Ó ní, "Bàbá, ẹ ń mu omi." Leland mi orí. Wóró yìnyín mẹ́rin péré ni wọ́n gbà á láyè láti máa lá lóòjọ́. Nọ́ọ̀sì fa Verna sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní láàárín ọjọ́ méjì, bàbá ti fi gálọ́ọ̀nù omi méjì wúwo sí i. Bó bá ń lọ báyìí, omi á bo ọkàn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Verna bú Leland dé ilé. Ó ní òun ń fi egungun ọrùn wakọ̀ kiri aṣálẹ̀, Leland sì ń jí omi mu bí ọmọdé. Leland kọjú sí fèrèsé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí iṣu, èémí rẹ̀ sì ń ta sánsán bíi súìtì. Verna rò pé láti inú ọkọ̀ ni òórùn náà ti ń wá.

Ojúlówó dé. Ruben fi í sí i, ó wá fi ọ̀dà pupa fa ìlà kan láti orí ìdérí dé ara ẹnu rédíétọ̀, ó ní bí ẹnikẹ́ni bá yí ìdérí yẹn, ìlà á ṣẹ́, a ó sì mọ olè. Ilẹ̀ mọ́. Ìlà pupa wà níbẹ̀ gbọnrangandan. Verna fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ ẹ, ó ṣí i, ó fi ìka tọ́ inú rẹ̀ wò. Gbígbẹ.

Ó da gálọ́ọ̀nù mìíràn sí i, ó gbé àga síwájú ọkọ̀, ó bu tíì oníyìnyín sí ife, ó sì jókòó. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn funfun, kò sí òjìji tí nǹkan lè sá pamọ́ sí. Ìrẹ̀ dákẹ́. Nígbà náà ló wá gbọ́ ọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò kánjú: pàlà, pàlà, pàlà. Ahọ́n ló ń lá omi.

Ó dáwọ́ dúró. Nǹkan bọ́ sílẹ̀ láti iwájú ọkọ̀, èékánná sì ń ró tíkí tíkí lórí sìmẹ́ǹtì, ó gba ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀ kọjá. Kò rí nǹkan kan. Àmì ẹsẹ̀ nìkan ló rí, ó tutù, ó láwọ̀ ewé, ọmọ ìka mẹ́rin mẹ́rin. Bó ṣe ń wò ó ni oòrùn ń gbẹ ẹ́. Àmì ẹsẹ̀ náà gun àtẹ̀gùn, wọ́n wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn tó tì.

Verna tọ̀ wọ́n dé etí bẹ́ẹ̀dì Leland. Ibẹ̀ ni wọ́n parí sí. Ikùn ọkùnrin náà ń ga díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora, bí ìgbà tí wọ́n bá ń rọ omi sínú àpò.

"Bísíkíìtì ni," ni Leland wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Ojoojúmọ́ ló ń wá."

"Ajá wo nìyẹn?"

"Verna. O mọ ajá náà."

Ó jáde, ó sì gba ọ̀nà tí kò gbà láti ọdún méjì, ẹ̀gbẹ́ ọgbà tó bá ti Orville Tackett, aládùúgbò wọn, pààlà. Ibẹ̀ ni ilé adìyẹ Verna wà, ó ti wó. Orí òpó ọgbà ni abọ́ tánganran kan wà, funfun, etí rẹ̀ búlúù. Abọ́ Verna ni. Orville jókòó sí ẹ̀yìn òpó náà, bí ẹni tó ti ń retí Verna láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ẹ̀rù ń ba Leland," ni Verna wí. "Ohun tó o bá ṣe, tú u."

"Ojúlówó lẹ wá fi sọ́kọ̀, mo gbọ́," ni Orville wí. "Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ títí. Kì í ṣe rédíétọ̀ ni òùngbẹ ń gbẹ."

Ó sọ̀rọ̀ náà láìgbé ohùn sókè. Ó ní lọ́dún méjì sẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́ta ni Bísíkíìtì, ajá òun, fi kú nínú báàfù òun, kò lè tọ̀, ó ń wo òun lójú. Dókítà ẹran ní kúláǹtì ló lá, ó ti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Orville bá abọ́ lábẹ́ ọgbà, adùn náà ṣì wà nídìí rẹ̀. Ó gbé e sórí òpó, ó ní kí ẹni tó fún ajá òun ní omi náà mu máa mu títí. Ó sì dárúkọ Leland, nítorí òun fojú ara òun rí Leland lọ́jọ́ náà, tó ń tú rédíétọ̀ lẹ́yìnkùlé, tó ń fa omi inú rẹ̀ sínú abọ́ yẹn.

"Ẹni da eérú leérú ń tọ̀," ni Orville wí. "Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, ajá náà máa ń wá sídìí òpó yìí, á máa wo mi bí ìgbà tí mo bá rán an níṣẹ́ sílé onílé. Mo rò pé orúkọ tí mo pè ò tọ̀nà."

Verna wo ilé adìyẹ tó wó náà. Adìyẹ mọ́kànlá ló ní nígbà náà. Bísíkíìtì wa abẹ́ ọgbà wọlé, ó fi ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó tú rédíétọ̀, Leland fa omi náà tán, ó ní kí Verna fi nǹkan bo abọ́, pé kò sí ajá tó ń kọ adùn yẹn. Ó sì wọlé lọ fọwọ́. Nígbà tó jáde, abọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó wo apá ọgbà, ó wo Verna, ó mú sípánà rẹ̀ nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò bi í léèrè rí.

"Bí mo bá yí abọ́ yìí dé, ó tán fún Leland," ni Orville wí. "Ṣùgbọ́n omi náà ò ní wọlẹ̀ lásán. Ẹni tó ni ín ni yóò gbé e. Mo sì gbọ́dọ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ta ló gbé abọ́ sídìí ọgbà?"

Láti inú ilé, Leland wúkọ́, omi ń ró nínú ikọ́ náà. Lẹ́sẹ̀ òpó, nǹkan tí ojú kò rí jókòó, ó ń mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀ sí orúnkún Verna, èémí rẹ̀ tutù nínú ooru yẹn.

Verna la ẹnu. Ètè rẹ̀ ti ń dùn bíi súìtì.

"Verna Stubbs," ló wí.