Ìbàdí Abẹ́ Igi Kajú

Ọkọ́ Ràmọ́nì kan eegun. Ṣáláńgá ló ń gbẹ́ ní abà rẹ̀ lẹ́yìn Ìlerò, lọ́dún 1983, lábẹ́ igi kajú tí Àdìjátù ìyá rẹ̀ ti ní kó má fọwọ́ kàn.

Sájẹ́ǹtì Jẹ́ẹ́dé, ọlọ́pàá tí wọ́n pè, ní òkú ọkùnrin ni. Mọ́ládé, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, kúnlẹ̀, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára eegun ìbàdí.

"Ẹ wo ibi tó tẹ̀ wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí. Tọkùnrin a há mọ́ àtàǹpàkò. Àtàǹpàkò mi ń yí fàlàlà nínú eléyìí. Obìnrin ni."

Ihò tí orí eegun itan ń jókòó sí lápá òsì ti pẹlẹbẹ.

"Ó tiro láti kékeré."

Lẹ́yìn náà, ìka rẹ̀ kan ibi tí ọ̀pá ẹ̀yìn ti yọ gọngọ sínú ìbàdí. Lára ọ̀pọ̀ aláboyún, ìka agbẹ̀bí kì í débẹ̀. Lára ẹnì kan tí ìbàdí rẹ̀ há, tirẹ̀ ti débẹ̀ rí.

"Àwáwù ni."

Ràmọ́nì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń sọ pé ó bá Mọ́nsúrù awakọ̀ akóṣu sá lọ. Wọ́n na Mọ́nsúrù pé kó sọ ibi tó gbé e sí. Wọ́n fi orin èébú lé Àmọ̀kẹ́, ìyá Àwáwù, kúrò lọ́jà.

"Níbo lo wà nígbà náà?" Jẹ́ẹ́dé bi í.

"Kómu, sà. Mo ń kọ ebè. Oyún oṣù márùn-ún ni mo fi sílẹ̀ fún ìyá mi. Ìgbà tí mo fi dé, kò sí mọ́."

"Ta ló rí i tó wọ mọ́tò?"

"Èmi ni!" Àdìjátù dáhùn lẹ́nu ọ̀nà. "Oyún oṣù mẹ́fà ló gbé lọ. Ẹ lọ bi alágbèrè awakọ̀ yẹn!"

Mọ́ládé ṣí àtẹ́lẹwọ́. Eegun itan ọmọ wà níbẹ̀. Àárín ìbàdí náà ló ti rí i. Ó gbé e ti ìka àárín rẹ̀. Wọ́n dọ́gba.

"Ìyá Ràmọ́nì, ti ọmọ oṣù mẹ́fà kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ààbọ̀ èyí lọ. Oṣù ọmọ yìí ti pé. Kò lọ níbì kankan. Ẹ̀yin méjì péré lẹ sì wà lábà. Torí títiro rẹ̀ ni mo ṣe tètè wọn ìbàdí rẹ̀. Mo sọ fún yín pé ó há, ọsibítù Ṣakí ni kó ti bí."

Àdìjátù kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó wá sẹ́bàá kòtò náà.

"Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ síbi iṣẹ́ abẹ ní ọsibítù nígbà kan. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé bọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ó rọbí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní kí n wá mọ́tò. Mo ní kó fara dà á." Ó fi ìborùn bojú. "Nígbà tó kú, èmi ni mo gbẹ́lẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún Ràmọ́nì?"

"Ẹ wá ní ó sá lọ," ni Ràmọ́nì wí. "Ìyá mi. Mo bú u títí."

Nígbà tí Jẹ́ẹ́dé kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tán, wọ́n ránṣẹ́ pe Àmọ̀kẹ́. Nígbà tó dé, kò sunkún.

"Kò wọ mọ́tò?"

"Kò wọ̀ ọ́, Ìyá Àwáwù," ni Mọ́ládé dáhùn.

Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀. Mọ́ládé fẹ́ di eegun ọmọ lọ́tọ̀. Àmọ̀kẹ́ gbà á, ó dá a padà sáàárín ìbàdí ìyá rẹ̀, ó wá di ìborùn náà mọ́ àwọn méjèèjì pinpin, bí ẹni ń pọn ọmọ.

Ọ̀nà ọjà ló gbé wọn gbà lọ sílé.